Ológbò Onírun Gígùn Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọlé Dé

Orúkọ àwọn tí ó bímọ àti ti àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó wà ní ojú ewé tí ó ṣáájú èyí. Ẹ bá wa kí wọn. Iṣẹ́ tiwa níhìn-ín ni ọ̀ràn inú ilé, èyí tí ó sì dé ọwọ́ wa ní oṣù yìí kì í ṣe ti ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọmọ. Ti ológbò ni.

Ìyá kan ní Bukuru ni ó kọ̀wé. Wọ́n gbé ọ̀gá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn ní ibi iṣẹ́, ọ̀gá náà sì fi ológbò rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, irú èyí tí irun rẹ̀ gùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, tí imú rẹ̀ sì tẹ̀ bí ẹni pé a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ yọ̀ títí wọn kò fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà ti kọjá báyìí, ẹran náà kò kúrò lábẹ́ ibùsùn. Ó ń jẹun díẹ̀ ní òru, ilẹ̀ kì í sì mọ́ bá a níta. Irun ikùn rẹ̀ ti ta kókó bí irun dàdá. Bàbá ilé fi agbára wọ́ ọ jáde ní ọjọ́ Sátidé láti fi òòyà yà á, ó sì ha á lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ìyá ọkọ, tí ó wá kí wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́, ní òun rí ojú ẹran náà bí ó ti ń tàn lábẹ́ ibùsùn ní òru, pé kì í ṣe ẹran lásán, kí wọ́n gbé e lọ jù sí ẹ̀yìn ọjà kí oṣù tó parí. Ìyá yìí ní òun kò lè bá ìyá ọkọ òun jiyàn, bẹ́ẹ̀ ni òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rí i pé a gba ohun ìfọkàntán lọ́wọ́ ènìyàn, a sì jù ú nù. Ó ní kí a gba òun ní ìmọ̀ràn kíákíá, nítorí oṣù ń lọ.

A dá a lóhùn ní gbangba níhìn-ín nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀ràn náà kàn. Òṣìṣẹ́ tí a ń gbé láti ìlú dé ìlú kò wọ́n láàárín wa, bí wọ́n bá sì ń lọ, ajá àti ológbò wà lára ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún aládùúgbò.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ìyá yìí dì mú ṣinṣin: kí ara ẹran náà balẹ̀ ni ó ṣáájú òòyà. Ológbò tí ọkàn rẹ̀ kò tíì wà nínú ilé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irun òun. Bí a bá sì fi ipá yà á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ti sọ òòyà di ọ̀tá rẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti ológbò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí imú ni ó fi ń mọ ilé. Nígbà tí ẹ bá rí i tí ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ẹsẹ̀ àga àti etí ìlẹ̀kùn, kì í ṣe eré ni ó ń ṣe. Òórùn kan ń jáde ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí imú ènìyàn kò lè gbọ́, òun ni ó fi ń sàmì sí ibi tí ó jẹ́ tirẹ̀. Nínú ilé ọ̀gá tí ó lọ, gbogbo igun yàrá ni ó ti fi àmì yìí sí. Nínú ilé ìyá Bukuru, òórùn ọṣẹ, òórùn ata díndín, òórùn àwọn ọmọ àti ti ìyá àgbà ni ó kún ibẹ̀, kò sí èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Abẹ́ ibùsùn ni ó sá lọ. Àwọn bàbá wa tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú yìí láìgbọ́ Hausa kan ṣoṣo, bí abẹ́ ibùsùn bá gba àwọn náà ni, bóyá ibẹ̀ ni wọn ìbá kọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, kí a fún un ní yàrá kan, kì í ṣe gbogbo ilé. Yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe é tì, tí wọlé-wọ̀de kò pọ̀ níbẹ̀, ni ó dára jù. Kí a fi páálí kan sí igun, kí a dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó lè gba gbogbo ara rẹ̀ wọlé, kí a sì tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀. Bí a bá lè rí aṣọ tí ó ti ń sùn lé ní ilé tí ó ti wá, kí a má ṣe fọ̀ ọ́; òórùn àtijọ́ inú aṣọ náà ni oògùn. Oúnjẹ àti omi ní igun kan, yanrìn tí yóò máa yàgbẹ́ sí ní igun kejì tí ó jìnnà, nítorí ológbò kò fẹ́ kí ibi ìyàgbẹ́ òun sún mọ́ ibi oúnjẹ, àwa pẹ̀lú kò sì fẹ́ ẹ. Bàsíà gbígbòòrò tí etí rẹ̀ kò ga ni kí a bu yanrìn sí, kí a sì máa kó ohun tí ó bá yà kúrò lójoojúmọ́. Bí ó bá dọ̀tí, yóò wá ibòmíràn lọ, ibùsùn àwọn ọmọ ni ó sì sábà máa ń jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ́ ọ jáde mọ́. Kí àwọn ọmọ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n má sì máa tẹjú mọ́ ọn, nítorí lójú ológbò ẹni tí ń tẹjú mọ́ni ń wá ìjà. Kí ọmọ tí ó ní iṣẹ́ ilé-ìwé mú ìwé rẹ̀ wá kà á sókè níbẹ̀. Ẹran náà yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ohùn yìí kò mú ìyà lọ́wọ́. Bí ojú wọn bá ṣe kòńgẹ́, kí ọmọ náà rọra di ojú, kí ó sì rọra là á. Ìkíni ni èyí jẹ́ láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ológbò yóò dá a padà, àwọn ọmọ yóò sì gbádùn rẹ̀ ju kí wọ́n máa lé e kiri lọ.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí i tí ó jẹun ní ojú yín, tí ó gbé ìrù sókè, tí ó sì fi ara ra ẹsẹ̀ yín, ẹ lè ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ kí ó máa wo ilé kù. Ẹlòmíràn a ṣe èyí ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹlòmíràn a gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìta kò sí nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ológbò tí ó bá jáde kí ó tó mọ ilé tuntun lè máa wá ilé àtijọ́ lọ, kí ó sì sọnù sójú ọ̀nà. Ní ti èyí tí irun rẹ̀ gùn, a kò rí ìdí tí yóò fi máa jẹ̀ kiri níta rárá, nítorí koríko, ẹ̀gún àti àwọn kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran ni yóò máa fi irun gbé wálé.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi sùúrù wò. Bí ológbò kò bá fẹnu kan oúnjẹ rárá fún odindi ọjọ́ kan, kí a lọ sọ fún dókítà ẹranko; kí a má ṣe jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta. Ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ajá. Bí ebi bá pa á lọ bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ó bá sanra tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò wọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ti Bukuru ń jẹun ní òru, nítorí náà kò tíì dé ibẹ̀.

Ní ti ọwọ́ bàbá tí ó ha: kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ irú ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó lọ bóyá ológbò náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ìwé rẹ̀ yóò sì wà. Bí kò bá sí ìwé, kí bàbá lọ fi ọwọ́ náà han dókítà ní ilé ìwòsàn lónìí, kí ó má dúró dìgbà tí yóò máa dùn ún. A mọ̀ pé ajá ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ní ti dìgbòlugi, ṣùgbọ́n ológbò pẹ̀lú lè ní in. Àwa ará Plateau kò sì ní àwáwí, nítorí ní Vom, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1924, tí a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹran gbogbo Nàìjíríà.

Ó kù sí ọwọ́ màmá láti Ògbómọ̀ṣọ́. A kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún àgbàlagbà pé ó jẹ́ aláìmọ̀kan. Ẹ̀rù ológbò kì í ṣe tirẹ̀ nìkan; láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ìtàn ológbò àti àwọn ìyá ayé. Kí ìyàwó kúnlẹ̀ kí ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ bá mi dé ìdí àgbò ní alẹ́ yìí.” Kí ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú àgbò tàbí ewúrẹ́ tí a so sí ẹ̀yìnkùlé, bí wọn kò bá ní, ti aládùúgbò kò jìnnà. Ojú àgbò yóò tàn yanran padà sí wọn. Ti màlúù náà ń tàn bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú àwọn ẹran wọ̀nyí tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí, kí wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ríran nínú òkùnkùn. Ènìyàn kò ní in, ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú kò ní in. Àgbò tí a ń pa ní Iléyá kì í ṣe àjẹ́, ojú rẹ̀ sì ń tàn ní òru.

Bí màmá bá jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tún rọrùn sí i. Abu Hurayrah, ẹni tí ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ hadisi sílẹ̀ fún wa, “bàbá ọmọ ológbò” ni ìtumọ̀ orúkọ tí a fi ń pè é. Nínú hadisi náà ni a ti kà pé Ànábì ní ológbò kì í ṣe ẹran àìmọ́, pé ó wà lára àwọn tí ń rìn yí wa ká nínú ilé. Ìdí nìyí tí àwọn ará Hausa aládùúgbò wa fi ń jẹ́ kí mage máa wọlé jáde láìsí ẹni tí ó kọminú sí i. Bí màmá bá sì jẹ́ onígbàgbọ́, kí a rán an létí èkúté. Bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté, àwa tí a wà ní Jos sì mọ ohun tí èkúté lè gbé wọlé. Ní 1969 ni a kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní Nàìjíríà, nínú àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ Ọlọ́run tí a gbé wá sí ilé ìwòsàn ní ìlú wa yìí. Èkúté ni ó ń gbé e kiri, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ka níní ológbò mọ́ àwọn ọ̀nà tí a fi lè dènà rẹ̀. Kí a sọ òtítọ́ o: onírun gígùn yìí kì í ṣe ọdẹ púpọ̀. Oorun ni iṣẹ́ rẹ̀.

Irun gígùn náà kì í ṣe àmì kankan. Ogún ni. Ọmọ ológbò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ ìyá, kí ó sì gbà á lọ́dọ̀ bàbá, kí irun rẹ̀ tó gùn. Bí ó bá gbà á lọ́dọ̀ ẹnì kan, irun kúkúrú ni yóò ní, ṣùgbọ́n yóò gbé ogún náà pamọ́ sínú ara. Ìdí nìyí tí ológbò méjì onírun kúkúrú fi lè bí ọmọ onírun gígùn, tí aládùúgbò yóò sì máa wo ara wọn lójú. Ilẹ̀ Persia, tí a ń pè ní Iran lónìí, ni orúkọ irú èyí tí ìyá wa gbà ti wá. Pietro della Valle, ọmọ ìlú Rome, ti kọ̀wé nípa ológbò onírun gígùn láti ibẹ̀ ní 1620, nígbà tí a sì ṣe àfihàn ológbò ní Crystal Palace ní London ní 1871, irú wọn wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ti ń mú èyí tí irun rẹ̀ gùn fún èyí tí irun rẹ̀ gùn jù, títí irun fi pọ̀ ju ohun tí ahọ́n ológbò lè tọ́jú lọ. Ológbò ilé wa lásán ń fi ahọ́n tọ́jú ara rẹ̀ parí. Èyí kò lè ṣe é. Gbèsè tí ènìyàn jẹ sí i lọ́rùn ni, ènìyàn ni yóò sì máa bá a san án.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ irun náà gan-an. Oríṣi méjì ni: ti òkè tí ó gùn tí ó sì le díẹ̀, àti ti abẹ́ tí ó rọ̀ bí òwú. Ti abẹ́ ni ó ń re jù, bí ó bá sì re, kì í jábọ́ sílẹ̀. Ó ń há sáàárín ti òkè. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó di kókó. Kókó ń fa irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra títí yóò fi le bí kànìnkànìn gbígbẹ. Awọ abẹ́ rẹ̀ yóò máa gbóná, yóò máa pọ́n, kòkòrò yóò sá pamọ́ síbẹ̀, egbò lè wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Bí kókó bá wà ní abíyá, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa fa awọ rẹ̀. Ẹran tí a fi òòyà fa irú ibẹ̀, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe bí kò bá ha ènìyàn?

Nítorí náà, kókó tí ó wà ní ikùn ti Bukuru kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ilé. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ díẹ̀, tí ó ṣe é gbé sínú agbọ̀n onídèérí, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà ní ẹ̀rọ tí a fi ń fá a, bí ó bá sì gba pé kí a fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, òun ni ó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Irun náà yóò tún hù. Ọjọ́ kan náà ni kí ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí kò bá tíì gbà á. A ń kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sísọ́ọ̀sì gé kókó irun lára ológbò. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí tákàdá, ó sì máa ń bá irun gòkè bí a bá fà á. Ohun tí ẹ rò pé irun ni, awọ ni ẹ ó gé.

Lẹ́yìn èyí ni òòyà tó bẹ̀rẹ̀. Òòyà onírin méjì ni kí a rà, ọ̀kan tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, ọ̀kan tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra. Oníke kò dára nínú ọyẹ́, nítorí ó ń mú kí irun máa ta pàrà bí iná mànàmáná, ó sì ń ta ẹran náà lára. Nínú oṣù ọyẹ́ bí irú èyí, kí a kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́, kí a sì fi pa irun náà lórí fẹ́ẹ́rẹ́ kí òòyà tó kàn án.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a kàn gbé òòyà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ó gbóòórùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí a fi ẹ̀yìn òòyà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí a sì fún un ní ẹja díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a yà á ní ọrùn àti ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú méjì péré, kí a tún fún un ní ẹja, kí a sì dáwọ́ dúró nígbà tí ó ṣì ń gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró dìgbà tí inú bí i ti pẹ́ jù. Bí ó bá ń fi ìrù na ilẹ̀, tí etí rẹ̀ sì ń tẹ̀ sẹ́yìn, ó ń sọ pé ó tó, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó fi dé ẹ̀gbẹ́, a ó dé itan, àti ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí ó bá ti ń kùn hùn-ùn hùn-ùn lórí ẹsẹ̀ yín, a ó dé ikùn àti abíyá. Ẹ̀yìn etí, abíyá, ikùn, àárín itan àti abẹ́ ìrù ni kókó fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ ọ̀lẹ kì í dé. Orí ẹ̀yìn lè máa dán gbinrin kí ikùn ti di ẹní.

Kí a máa ya irun láti ṣóńṣó wá sí ìdí, bí àwọn ìyá ti ń ya irun ọmọbìnrin, kí a sì fi ìka di ìdí irun mú kí ó má ṣe fa awọ. Bí a bá bá kókó kékeré pàdé, kí a wọ́n ìyẹ̀fun ògì gbígbẹ tí ó kúnná dáadáa sí i, kí a fi ìka já a sí wẹ́wẹ́, kí òòyà eyín jíjìnnà tó tẹ̀lé e. Àtíkè olóòórùn dídùn kọ́ o, nítorí ohun gbogbo tí a bá fi sí ara rẹ̀, yóò lá a. Lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tó, ó sì sàn ju wákàtí méjì ní ìparí oṣù lọ. Ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá lè ṣe é, bí a bá kọ́ ọ.

Bí a kò bá yà á, inú rẹ̀ ni irun náà ń lọ. Ahọ́n ológbò ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ tí ó dojú kọ ọ̀nà ọ̀fun. Ohun tí ó bá lá kò lè tu ú, àfi kí ó gbé e mì. Irun náà ń kó jọ nínú ikùn títí yóò fi bì í jáde, ní ìrísí gígùn bí ìka. Kí ẹ̀rù má ba màmá bí ó bá rí i. Irun ni, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbìyànjú àtibì tí ohunkóhun kò jáde, tí kò sì jẹun, dókítà ni.

Ojú irú ológbò onímú pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ ń ṣomi, eruku ọyẹ́ sì ń bù kún un. Òwú tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́ ni kí a fi nù ún, ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ní ti ìwẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọyẹ́ bá kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Makurdi tàbí Lokoja, tí òtútù kì í ṣe ìṣòro yín, yàrá tí ó tutù jù àti omi púpọ̀ ni kí ẹ fún un, ẹ má sì fá a nítorí ooru láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Oúnjẹ rẹ̀ kò ní mú ọ̀rọ̀ púpọ̀ wá. Ẹran àti ẹja ni ológbò fi ń wà láàyè. Ẹ̀kọ àti ẹ̀bà kò tó o. Èròjà kan wà nínú ẹran tí a ń pè ní taurine, ara rẹ̀ kò lè ṣe é tó. Ní 1975 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìní rẹ̀ ń fọ́ ológbò lójú, ní 1987 wọ́n tún rí i pé ó ń ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù ni ìṣẹ́kù ọbẹ̀. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, tútù ni o, sísè ni o, ááyù pẹ̀lú sì ni. Ọbẹ̀ wo ni a sì ń sè tí kò ní àlùbọ́sà nínú? Kí a bọ ẹja tirẹ̀ lọ́tọ̀, láìsí iyọ̀, láìsí ata, kí a sì yọ egungun rẹ̀. Wàrà máa ń ṣu ọ̀pọ̀ àgbà ológbò nínú. Omi ni kí ó mu.

Kí a má ṣe fún un ní parasẹ́támọ́ọ̀lù láé. Ìdajì hóró kan lè pa á. Oògùn tí a ń fi pa kòkòrò lára ajá lè ní permethrin nínú, èyí tí ó jẹ́ májèlé fún ológbò. Kẹrosíìnì kì í ṣe oògùn kòkòrò. Oògùn ìfọlẹ̀ tí ń sọ omi di funfun bí wàrà, kí a má fi nu ilẹ̀ yàrá rẹ̀, nítorí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò sì lá ẹsẹ̀. Ilé tí ó bá ní ológbò kò gbọ́dọ̀ tún ní ọ̀tápiápiá.

Obìnrin ilé tí ó bá lóyún, kí ó fi yanrìn ológbò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kòkòrò àrùn kan lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tí ń ṣe oyún ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ó ń gba ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó lè ranni, nítorí náà ilé tí a ti ń kó o dànù lójoojúmọ́ kò ní ewu púpọ̀. Kí gbogbo ènìyàn máa fọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ kiri pé irun ológbò ń sọ obìnrin di àgàn, irọ́ ni.

Ìbéèrè ìkẹyìn nínú lẹ́tà náà ni ti ìrìn-àjò ọdún, nítorí ìdílé náà ń lọ sílé. A kò ní gbé ológbò tí kò tíì pé oṣù kan nínú ilé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀ èrò. Kí wọ́n wá aládùúgbò kan tí kò lọ sílé, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó nínú yàrá náà ní ìrọ̀lẹ́ láti ìsinsìnyí, kí ó máa fún un lóúnjẹ, kí ó sì kọ́ bí a ti ń yà á. Ọjọ́ mẹ́wàá láìsí òòyà tó láti dá gbogbo kókó padà. Ẹni tí ó bá wà ní Bukuru ní àkókò ọdún tí ó sì lè ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, a ó sì fi ìyá náà mọ̀ ọ́n.